Iyọ̀ Tí Kì Í Sunkún

"Wọ́n ní ẹrù ìyàwó yẹn…"

"Èwo? Ti Ìrókò?"

"Ti Ìrókò náà ni. Wọ́n ní iṣu pé, oyin pé, ṣùgbọ́n iyọ̀…"

"Kí ló ṣe iyọ̀?"

"Èmi kọ́ ni mo sọ ọ́ o. Wọ́n ní ẹnìkan ló lọ sọ níbẹ̀ pé kí wọ́n má gbé iyọ̀…"

"Háà! Ìyàwó tí kò ní níyọ̀? Ta lẹni náà?"

"Wọ́n ní ọ̀rẹ́ rẹ̀ tó ń dirun yẹn… Àǹtí Múyì, ẹ̀gẹ́ yín yìí mà funfun o!"

Bí ọ̀rọ̀ ṣe sá wọ inú ẹ̀gẹ́ nìyẹn, nítorí Muhsinah ti yọ lábẹ́ igi ọsàn, agbọ̀n lórí, híjáàbù rẹ̀ aláwọ̀ ewé bò ó dé ìbàdí. Àwọn obìnrin tó jókòó yí òkìtì ẹ̀gẹ́ ká lábẹ́ páànù tẹjú mọ́ ọ̀bẹ wọn bí ẹni pé abẹ́rẹ́ ló sọnù sínú èèpo. Muhsinah kí wọn. Wọ́n dá a lóhùn, ohùn wọn sì dùn ju bó ṣe yẹ lọ. Ó sọ agbọ̀n kalẹ̀, ó mú ọ̀bẹ, ó ń bó ẹ̀gẹ́. Bàálù kan tó ń lọ balẹ̀ ní Alákíà kọjá lókè, gbogbo wọn gbójú sókè wò ó, àwọn tó ti ń rí bàálù láti ìgbà tí wọ́n ti ń rá kòrò.

Abà Ìdí-Ọsàn kò tóbi. Bí èèyàn bá sín ní ìpẹ̀kun kan, wọ́n á kí i ní ìpẹ̀kun kejì. Muhsinah náà kì í sì í ṣe ọmọ tó máa dúró láàárín àgbà kó ní, "Kí lẹ ń sọ nípa mi?" Ó bó ẹ̀gẹ́ tirẹ̀ tán, ó lọ fa omi. Àǹtí Múyì, ẹni tí ẹnu rẹ̀ kì í lè gbé nǹkan délé láìjẹ́ pé ó jò lọ́nà, ló tẹ̀ lé e dé ìdí kànga.

"Ọmọ dáadáa," ó wí, "mi ò fẹ́ kó jẹ́ lẹ́nu ẹlòmíràn lo ti máa gbọ́ ọ. Ṣé ìwọ àti Zubaidah jà ni?"

"A ò jà, mà."

"Ó dáa, ẹ ò jà. Kí ló wá gbé e dé Ìrókò lọ bá ìyá ọkọ rẹ? Wọ́n ní ó ní kí wọ́n má gbé iyọ̀ wá fún ọ o. Wọ́n ní ó ní…" Ó na ìka sí ọrùn ara rẹ̀, ó yára gbé e sílẹ̀. "Wọ́n ní nǹkan kan ń bẹ lábẹ́ híjáàbù."

Okùn yọ lọ́wọ́ Muhsinah. Garawa padà sínú kànga, wọ́n gbọ́ ariwo rẹ̀ bó ṣe kanlẹ̀.

Ẹni tí kì í ṣe ará ibẹ̀ lè béèrè pé kí ni ti iyọ̀ nínú ọ̀rọ̀ ìgbéyàwó. Ní àwọn abà wọ̀nyẹn, bí ẹbí ọkọ bá gbàgbé atare, wọ́n á fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́, ó parí síbẹ̀. Ti iyọ̀ kì í parí síbẹ̀. Iyọ̀ ni wọ́n máa ń fi kan ìyàwó lẹ́nu tí wọ́n á ní, "Bí kò ṣe é ṣe kí a má nílò iyọ̀, bẹ́ẹ̀ ni wọn ò ní lè ṣe kí wọ́n má nílò rẹ." Ìyàwó tí wọ́n bá dìídì yọ iyọ̀ kúrò nínú ẹrù rẹ̀, wọ́n ti sọ fún un kó tó wọlé pé kò ní dùn lẹ́nu àwọn láéláé. Wọ́n sì ti dá ọjọ́ tí wọ́n máa so yìgì Muhsinah. Yasir, ọmọ Ìrókò, tó ń tún ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń rin ẹ̀gẹ́ ṣe, ló fẹ́ ẹ. Yasir yìí ni ọkùnrin kan ṣoṣo tó ti mú un rẹ́rìn-ín títí tí omi fi bọ́ lójú rẹ̀.

Èyí tó wá burú níbẹ̀ ni pé nǹkan kan wà lábẹ́ híjáàbù lóòótọ́.

Ṣáájú ààwẹ̀ tó kọjá ló kọ́kọ́ rí i, nísàlẹ̀ gògóńgò, ohun kan tó rọra wú bí ẹyin àparò. Kò dùn ún. Ṣùgbọ́n bó bá dá itọ́ mì, nǹkan náà á gòkè, á tún sọ̀ kalẹ̀. Láti ìgbà náà ló ti ń fa híjáàbù síwájú, tí àwọn àgbà sì ń yìn ín pé ó ń bo ara rẹ̀ dáadáa. Ẹnì kan ṣoṣo ló wà láyé tí Muhsinah ń ṣí orí fún, Zubaidah ni. Iléékéwú kan náà ni wọ́n lọ, wàláà kan náà ni wọ́n jọ fọ̀. Nígbà tí wọ́n dàgbà, Zubaidah gba ṣọ́ọ̀bù ìdirun kékeré kan ní Ẹ̀gbẹ́dá, ibẹ̀ ló ń dirun fún Muhsinah lẹ́yìn tó bá ti fa aṣọ bo ẹnu ọ̀nà. Lọ́jọ́ kan ó tẹ orí Muhsinah sẹ́yìn kó lè là á, ooyà dúró.

"Muhsi, kí lèyí?"

"Kí lèwo?"

"Má bá mi ṣe kí-lèwo. Dá itọ́ mì."

Ó dá itọ́ mì. Nǹkan náà gòkè, ó sọ̀ kalẹ̀. Muhsinah bú sẹ́kún.

"Gẹ̀gẹ̀ ni," ó wí. "Ìyá tó bí mi ní in kó tó kú. Bí wọ́n bá gbọ́ ní Ìrókò, ó tán."

"Ta ló sọ pé ó tán? Ṣé ìwọ ni dókítà? Dìde, a ń lọ."

Ọsibítù kékeré kan ní etí títì ni wọ́n lọ, ọ̀dọ̀ nọ́ọ̀sì kan tó ń jẹ́ Dorothy, obìnrin tó máa ń bi èèyàn ní ìbéèrè bí ẹni tó ń ṣa ẹ̀wà. Ó fọwọ́ tẹ ọrùn náà díẹ̀díẹ̀, ó ní kí ni Muhsinah ń jẹ.

"Gàrí," Muhsinah dáhùn wúyẹ́wúyẹ́.

"Ìyẹn láàárọ̀. Lọ́sàn-án ńkọ́?"

"Láfún."

"Lálẹ́?"

"Ẹ̀bà."

"Nọ́ọ̀sì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ pé ẹ̀gẹ́ ló bí i," Zubaidah wí, àwọn méjèèjì rẹ́rìn-ín, nọ́ọ̀sì kò rẹ́rìn-ín.

"Ẹja ńkọ́? Ẹja òkun ni mò ń bi ọ́, pańla, ṣáwá, èyí tí wọ́n ń kó nínú yìnyín. Edé tí wọ́n ń lọ̀ sọ́bẹ̀."

"Àwọn ọkùnrin ilé wa ló ń jẹ ẹja, mà."

"Ẹyin? Ẹ sì ń sin adìyẹ."

"Títà la máa ń tà á. Ìyá tó ń tọ́ mi ní ọmọ tó bá ń jẹ ẹyin á máa jalè."

"Wàrà?"

"Bí àwọn Fúlàní bá kiri dé."

"Iyọ̀ ńkọ́?"

Ojú Muhsinah là fún ìgbà àkọ́kọ́. "Iyọ̀ wa dáa gan-an ni, mà! Kì í sunkún."

Iyọ̀ Ìyá Sàníù ló ń sọ. Ìyá Sàníù ni ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀ obìnrin, òun ló sì gbà á tọ́ nígbà tí ìyá rẹ̀ kú, òun ni Muhsinah ń pè ní Ìyá, kò mọ ìyá mìíràn. Iyọ̀ tí Ìyá Sàníù ń rà kò burú o; èyí tó dáa, tí wọ́n dì sínú àpò, ló ń gbé ti ọjà wá. Ṣùgbọ́n ìgbà òjò kì í jẹ́ kí iyọ̀ sinmi, á máa ṣomi, àwọn oníbàárà á ní sunkúnsunkún ni. Ni Ìyá bá dá ọgbọ́n kan. Á da iyọ̀ tó bá ti rin sínú àpò, á so ó rọ̀ mọ́ òpó, kí omi rẹ̀ máa ro dànù. Bí wọ́n bá wá yan gàrí tán, tí iná ń lọ sílẹ̀, á da iyọ̀ náà sínú agbada, á máa fi ìfọ́ igbá rò ó títí tí á fi gbẹ, tí á máa ta pàpàpà. Bó bá délé oníbàárà, bí òjò rọ̀ títí, iyọ̀ náà ò ní lẹ̀ mọ́ra. Láti abà dé abà ni wọ́n ti ń wá rà á. Ẹlòmíràn kò tiẹ̀ mọ orúkọ Ìyá Sàníù mọ́; "Ìyá Oníyọ̀ Tí Kì Í Sunkún" ni wọ́n ń pè é, á sì máa rẹ́rìn-ín músẹ́.

Nọ́ọ̀sì Dorothy gbọ́ gbogbo rẹ̀ tán. Ó ní kí wọ́n bu díẹ̀ wá. Zubaidah ló padà gbé e wá nínú ọ̀rá. Nọ́ọ̀sì bu iyọ̀ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ tú nínú ọ̀rá tirẹ̀ sórí abọ́ kan, ó bu tiwọn sórí èkejì, ó mú ìgò kékeré kan, ó kán omi inú rẹ̀ sí méjèèjì. Ti nọ́ọ̀sì yí padà lójú wọn, ó dú bí aró. Ti Ìyá Sàníù funfun síbẹ̀ bí eyín.

"Ohun kan wà tí wọ́n ń pè ní áyódìn," nọ́ọ̀sì wí. "Òun ló mú kí iyọ̀ tèmi dú. Inú òkun ló pọ̀ sí, ìdí nìyẹn tí mo fi ń pe ẹja òkun. Ilẹ̀ tó jìnnà sókun kì í sábà ní in tó, ni wọ́n ṣe ń fi í sínú iyọ̀. Ọrùn ń lò ó. Bí kò bá rí i gbà, á máa wú, bí ẹni tó ń na ọwọ́ síwájú síwájú sí ohun tí ọwọ́ rẹ̀ ò tó. Ẹ ń jẹ́ kí omi iyọ̀ ro dànù, ó ń bá omi lọ. Ẹ tún gbé èyí tó ṣẹ́kù sórí iná. Ẹ̀gẹ́ tí ẹ ń jẹ láàárọ̀ lálẹ́ wá ń dí díẹ̀ tó kù lọ́nà. Ṣùgbọ́n ojú lásán ni mo fi wò ó o. Ẹ lọ sí ọsibítù ńlá kí wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò, kí a má baà máa fi ìméfò ṣe ìtọ́jú. Kó máa jẹ ẹyin. Kó máa jẹ ẹja."

Bí wọ́n ṣe bọ́ síta, Muhsinah di Zubaidah lọ́wọ́ mú.

"Má sọ fún ẹnikẹ́ni. Kí yìgì kọjá ná."

"Ìyá ńkọ́? Ó yẹ kí wọ́n mọ̀. Gbogbo àdúgbò ló ń jẹ iyọ̀ yẹn."

"Ìyá gan-an ni kò gbọ́dọ̀ gbọ́! Iyọ̀ yẹn ló fi tọ́ mi, Zubai. Òun ló fi rán mi lọ sí kéwú. Ṣé kí n wá dúró níwájú rẹ̀ kí n ní iyọ̀ yín ló ṣe mí? Búra."

"Wọlai, mi ò ní sọ."

Èyí ni ìbúra tí Muhsinah ń rò lójú ọ̀nà bó ṣe kúrò ní ìdí kànga lọ́jọ́ náà láìfa omi kankan. Ẹni mẹ́ta ló mọ̀ ọ́n. Nọ́ọ̀sì Dorothy kò mọ ọ̀nà Ìrókò, kò sì mọ orúkọ ọkọ rẹ̀. Ta ló kù?

Ó bá Ìyá Sàníù nídìí agbada, ó ń ro iyọ̀. Ìyá wo ojú rẹ̀, ó gbé ìfọ́ igbá sílẹ̀.

"Ó ti dé etí rẹ."

"Ìyá, ṣé òótọ́ ni?"

"Mo ti gbọ́ ọ, mi ò fẹ́ kó dùn ọ́ ni mo ṣe panu mọ́. Ṣé o rí i, nígbà tí mo lọ sí Ìrókò lọ́jọ́ Jímọ̀ nítorí ọ̀rọ̀ ẹrù, ọ̀rọ̀ dídùn la bá ara wa sọ. Ẹ̀yìn mi ló lọ. Ó ní kí wọ́n má gbé iyọ̀ wá fún ọmọ mi. Ọmọ tí mo ń bu oúnjẹ fún!" Ìyá fi eteetí ìró nu ojú. "Kòkòrò tó ń jẹ̀fọ́, ara ẹ̀fọ́ ló wà. Wá, má sunkún. Ṣé ìwọ náà kò gbọ́ orúkọ tí wọ́n ń pe iyọ̀ wa ni?"

Ó fà á mọ́ra. Ara rẹ̀ ń run èéfín àti gàrí, òórùn tí Muhsinah mọ̀ ju òórùn èyíkéyìí lọ. Bó bá jẹ́ ìgbà mìíràn ni, Ìyá á ti fọwọ́ pa á lọ́rùn, á ti ní, "Ọrùn ìyá rẹ kẹ̀! Nígbà tó wọ ilé wa níyàwó, bí ọrùn àgbọ̀nrín ló rí, ó gùn, ó ń dán, ìlẹ̀kẹ̀ ń yọ̀ lórí rẹ̀. Ohun tí bàbá rẹ rí nìyẹn." Ó máa ń sọ ọ́ lemọ́lemọ́ nígbà tí Muhsinah wà lọ́mọdé. Lọ́jọ́ náà kò fọwọ́ kan ọrùn rẹ̀.

Muhsinah gba Ẹ̀gbẹ́dá lọ. Zubaidah wà nídìí oníbàárà kan, obìnrin abara-bíńtín kan tí wọ́n ti di orí rẹ̀ dé ìdajì.

"Aya Yasir!" Zubaidah pariwo. "Wọlé wá. Orí ti ń yún ọ nìyẹn."

Muhsinah kò wọlé, kò sì kí ẹnikẹ́ni. "Ṣé o lọ sí Ìrókò?"

Ọwọ́ Zubaidah dúró nínú irun. "Mo lọ."

"Ṣé o dárúkọ ọrùn mi?"

Zubaidah wo oníbàárà rẹ̀, ìyẹn sì ti yára gbé fóònù tí kò dún sétí. "Muhsi, jẹ́ ká bọ́ sẹ́yìnkùlé."

"Ṣé o sọ ọ́, àbí o ò sọ ọ́?"

"Mo sọ ọ́. Àmọ́ kì í ṣe bó o ṣe…"

"O búra."

"Mo búra, mo sì da ìbúra. Èmi àti Ọlọ́run ni. Ṣùgbọ́n ta ló sọ fún ọ pé mo ní kí wọ́n má gbé iyọ̀ wá?"

"Ìyá mi."

Zubaidah gbé ooyà sílẹ̀.

"Ìyá? Ìyá fúnra wọn ló sọ bẹ́ẹ̀ fún ọ?"

"Ìyá mi tí wọ́n tọ́ mi."

"Ó dáa." Ohùn rẹ̀ ti lọ sílẹ̀ pátápátá. "Bó bá jẹ́ Ìyá ló sọ bẹ́ẹ̀, mi ò ní ọ̀rọ̀ mọ́. Mi ò lè dúró síbí kí n pe ẹni tó tọ́ ọ dàgbà ní… Àwọn òbí mi ò kọ́ mi bẹ́ẹ̀. Lọ bi ìyá ọkọ rẹ ní Ìrókò. Òun ni kó o bi."

"Ẹnu rẹ yẹn ti jẹ iyọ̀ wa títí," Muhsinah wí. "Kò ní jẹ ẹ́ mọ́."

"Iyọ̀ yín?" Zubaidah rẹ́rìn-ín kan tí kò ní ayọ̀ nínú. "Àmín o."

Oníbàárà gbé fóònù sílẹ̀. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin ọmọ yìí, bẹ́ ẹ bá máa jà, ẹ sọ fún mi, kí n mọ̀ bóyá orí tí wọ́n dì lápá kan ni mo máa gbé lọ bá ọkọ mi."

Muhsinah ti yí padà.

Ní ìrọ̀lẹ́, Ìyá gbé oúnjẹ wá bá a nínú yàrá. Ẹ̀bà ni, bó ṣe máa ń jẹ́. Ṣùgbọ́n nígbà tí Muhsinah ṣí ìdérí ọbẹ̀, ẹyin sísè kan wà nínú rẹ̀, òun àti ṣáwá odindi kan, pẹ̀lú orí pẹ̀lú ìrù. Ó wo abọ́ náà pẹ́. Láti ìgbà tó ti gbọ́njú, kò rí kí wọ́n fi ẹyin sínú ọbẹ̀ tirẹ̀ nínú ilé yẹn.

"Jẹ ẹ́," Ìyá wí. "Kò sí olè nínú ẹyin."

"Ìyá, ta ló ní kí ẹ fún mi ní ẹyin?"

"Ìyá ò lè fún ọmọ rẹ̀ ní ẹyin ni? Kó tó lọ sílé ọkọ?" Ìyá ti dìde. Kò wo ojú rẹ̀. "Jẹ ẹ́ kó má tutù."

Muhsinah kò jẹ ẹ́. Ó jókòó síwájú abọ́ náà, ó ń to ọ̀rọ̀ jọ. Òfófó tó kárí abà, iyọ̀ ni wọ́n ń pè nínú rẹ̀. Kò sẹ́ni tó dárúkọ ẹyin, kò sẹ́ni tó dárúkọ ṣáwá. Nọ́ọ̀sì ló sọ ti ẹyin àti ẹja, etí Muhsinah àti ti Zubaidah nìkan ló sì wọ̀. Bí Ìyá bá mọ̀ ọ́n, a jẹ́ pé ẹnu Zubaidah ni Ìyá ti gbọ́ ọ, kì í ṣe ẹnu ọjà. Zubaidah kò sì dé ilé wọn láti ìgbà náà. Ibo ni wọ́n ti pàdé? Ìyá ní ẹ̀yìn òun ló lọ sí Ìrókò.

Ẹ̀bà náà tutù, ó gan.

Ó sọ fún Ìyá lọ́jọ́ kejì pé òun ń lọ ra òwú ní ọjà. Kò purọ́ fún un rí. Ó wọ ọkọ̀ dé Ìwó Road, ó wọ òmíràn dé Ọ̀jọ́ọ̀, ó gba Mọ́níyà kọjá. Lójú ọ̀nà gbogbo ló ń fa híjáàbù. Ìyàwó tí wọn ò tíì so yìgì rẹ̀ kì í dá gba ilé ọkọ lọ. Bí ẹnikẹ́ni bá rí i, òfófó mìíràn nìyẹn. Ó dé ẹnu ọ̀nà ilé àwọn Yasir ní Ìrókò, ó kí wọn láti ìta.

"Àsàlámù àlékúmù."

"Wa àlékúmù sàlámù. Ta ni… Háà! Ìyàwó mi!"

Ìyá Safwan ni ìyá Yasir. Safwan ni àkọ́bí rẹ̀. Obìnrin tó rí pẹ́lẹ́ńgẹ́ ni, ọmọ àlùfáà àtijọ́ kan. Gbogbo Ìrókò mọ̀ ọ́n mọ́ nǹkan kan: bí wọ́n bá rán an níṣẹ́, bí wọ́n ṣe sọ ọ́ gan-an ló máa sọ ọ́, bó dùn, bó korò. Bàbá rẹ̀ ló kọ́ ọ bẹ́ẹ̀, ó máa ń ní ẹni tó bá fi kún iṣẹ́ tí wọ́n rán an, iṣẹ́ ara rẹ̀ ló ń jẹ́. Ó fa Muhsinah wọlé kí àwọn ará ilé tó rí i.

Ẹrù ìyàwó wà ní ìgun pálọ̀, wọ́n ti ń tò ó jọ díẹ̀díẹ̀. Ojú Muhsinah lọ síbẹ̀ kó tó mọ̀. Iyọ̀ wà níbẹ̀. Àpò ńlá kan ni, inú ọ̀rá kéékèèké tí wọ́n lẹ̀ pa ni wọ́n dì í sí, wọ́n kàn tò wọ́n sínú àpò náà ni. Ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ni pańla gbígbẹ kan wà, ó tóbi, ó la ẹnu sókè.

"Iyọ̀ wà," Muhsinah wí, bí ẹni tó ń bá ara rẹ̀ sọ̀rọ̀.

"Kí ló dé tí kò fi ní sí? Ta ló ní kò sí?"

Muhsinah kúnlẹ̀. Ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ gbé híjáàbù sókè, kúrò lọ́rùn. Kò ṣe é fún ẹnikẹ́ni rí àfi Zubaidah.

"Ẹ wò ó, mà. Bí ẹ bá fẹ́ ká fòpin sí i, ẹ sọ fún mi ní kọ̀rọ̀ báyìí. Mi ò ní bínú."

Ìyá Safwan wò ó. Ó tẹ̀ síwájú, ó fa híjáàbù náà padà síbi tó wà, ó tún un ṣe lábẹ́ àgbọ̀n bí ìyá tó ń múra fún ọmọ lọ́jọ́ ọdún.

"Yasir ti gbọ́. Ó ní bí ọrùn rẹ bá fẹ́ gùn tó ti ràkúnmí, kó máa gùn, òun á gbé àkàbà wá. Ẹ̀yin méjèèjì lẹ jọ máa lọ gba ẹ̀jẹ̀ yẹn wò kí yìgì tó dé. Kò sí nǹkan tó yẹ̀. Dìde."

Kò dìde. Ẹkún ayọ̀ ló yẹ kó sun, kò sì rí i sun. Ohun mìíràn ti jókòó sórí ayọ̀ náà.

"Wọ́n ní Zubaidah ní kí ẹ má gbé iyọ̀ wá."

"Ta ló sọ bẹ́ẹ̀?"

"Ìyá mi. Wọ́n ní ẹ̀yìn àwọn ló wá síbí."

Ìyá Safwan jókòó sórí àga.

"Ẹ̀yìn ta ni? Àwọn méjèèjì ni wọ́n jọ wá. Lọ́jọ́ Jímọ̀. Ìyá rẹ ló mú un wá, ó ní ọ̀rẹ́ ìyàwó gbọ́dọ̀ wà níbi tí wọ́n ti ń sọ̀rọ̀ ẹrù."

"Kí ni wọ́n sọ, mà?"

"Ọmọ mi, ṣe jẹ́jẹ́. A ti ra iyọ̀. Jẹ́ kó tó báyẹn."

"Mà, ẹ jọ̀ọ́. Ilé ni mo ń padà sí. Ọwọ́ ẹni tí mò ń padà sí ni mo fẹ́ mọ̀. Ẹ sọ ọ́ fún mi bí wọ́n ṣe sọ ọ́. Ẹ má bù nínú rẹ̀, ẹ má fi kún un."

Ìyá Safwan wo àpò iyọ̀ náà, ó wo ọmọbìnrin tó kúnlẹ̀ síwájú rẹ̀. Ó mí kanlẹ̀.

"Orí àga yìí ni Ìyá rẹ jókòó sí. Zubaidah wà lórí ẹní. Nígbà tí a dé orí iyọ̀, Ìyá rẹ ní kí a má ṣe ìyọnu, òun ló máa fún wa ní tirẹ̀. Ni Zubaidah bá kúnlẹ̀. Ó ní: 'Ẹ jọ̀ọ́, màmá, ẹ má gba iyọ̀ yíyan. Èyí tí wọ́n lẹ̀ pa sínú ọ̀rá ni kí ẹ rà, kí ẹ máa sè é pẹ̀lú ẹja òkun, kí ẹ máa fún un ní ẹyin. Ọrùn rẹ̀ ń wú, iyọ̀ tí a ń jẹ nílé kò ní áyódìn mọ́, a ti kán an wò, nọ́ọ̀sì ní kí wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò. Mo búra fún un pé mi ò ní sọ. Mo sọ ọ́ nítorí pé ọwọ́ yín ló ń bọ̀.' Ohun tí Zubaidah sọ nìyẹn. Mo wá wo Ìyá rẹ, mo ní, 'Ṣé bẹ́ẹ̀ ni?' Ìyá rẹ ní: 'Kò sí nǹkan kan tó ṣe iyọ̀ mi. Ìyá tó bí i ló gbé gẹ̀gẹ̀ wọ ilé wa, ọrùn rẹ̀ ti wú kó tó dé. Bí ẹ bá ṣì fẹ́ ọmọ náà, ẹ mú un. Bí ẹ ò bá fẹ́ ẹ mọ́, mi ò ní bínú. Ṣùgbọ́n ẹ má fi ọ̀rọ̀ rẹ̀ ba iyọ̀ mi jẹ́.'"

Muhsinah rántí ọrùn àgbọ̀nrín tí Ìyá máa ń sọ pé ìyá òun gbé wọ ilé wọn níyàwó.